Àwẹ̀ró Aláró àti Ọ̀nà Ọjà Ìdó-Àràbà

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kò sí ọmọ Yorùbá tó gbọ́njú tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Ọ̀dọ́ tó wá iṣẹ́ tí kò rí, òun la fi ń ṣìpẹ̀ fún un. Ọkùnrin tí àwọn àna lé bọ̀ láti ìdí ìdána, òun náà la fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Gbogbo ẹnu ló ń pa á. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ìdí rẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé? Ọjà wo ni wọ́n ń wí? Ta ló kọ́kọ́ sọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀, tí wọ́n fi ní láti dá a lóhùn? Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, kó rọra ná. Bí àwọn àgbà ṣe pa ìtàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé onílé ló bí òwe náà, ẹsẹ̀ àwọn ará ọjà ló sì jẹ́rìí sí i.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdó-Àràbà, Olúdó sì ni oyè ọba wọn. Ọjà ìlú náà kò sí lẹ́nu ààfin bíi ti àwọn ìlú mìíràn. Abẹ́ igi àràbà kan ló wà, lẹ́yìn odi, àbàtà kan sì wà láàárín òun àti ìlú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kò sẹ́ni tó ń rántí àbàtà yìí, ọmọdé á máa sáré kọjá lórí rẹ̀. Àmọ́ bí òjò bá ti rọ̀ sí i, ẹrẹ̀ á dé orúnkún, alárù á ṣubú tẹrùtẹrù, epo á dànù, iṣu á fọ́, wọ́n á sì máa ṣépè fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ kọjá ti epo àti iṣu. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ tán ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn pọn ọmọ rẹ̀, ó gbé igbá karí, ó ń lọ sọ́jà. Ó tẹ ibi tó rò pé ó le, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó sì ṣubú sẹ́yìn sínú ẹrẹ̀. Àwọn alárù sáré fà á yọ. Ìyá yè, ọmọ kú.

Gbogbo ìlú sunkún ọmọ náà. Wọ́n ní Olúdó fúnra rẹ̀ kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ọba yìí kì í ṣe ìkà, ẹ jẹ́ ká tètè sọ ìyẹn. Ó pe àwọn ìjòyè rẹ̀ jọ, ó ní kí òjò ńlá tó dé, òun yóò la ọ̀nà ọba dé abẹ́ àràbà, ọ̀nà tó fẹ̀, tó gbẹ, tí aboyún àti abiyamọ lè rìn láìfòyà. Jagùnnà, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè náà, ni ó fa iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ ọkùnrin ni Jagùnnà, ó sì fẹ́ràn kí ayé máa rí i pé òun ń ṣiṣẹ́.

Ní Ìdó-Àràbà, wọ́n gbà pé ọ̀nà ọba kò gbọdọ̀ wọ́. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ààfin gbọ́dọ̀ rí ìparí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ni pé wọ́n á fi ewé tútù dáná síbi tí ọ̀nà ń lọ, èéfín á gòkè, wọ́n á wá máa kan èèkàn láti ẹnu ààfin, wọ́n á dojú kọ èéfín náà. Bẹ́ẹ̀ ni Jagùnnà ṣe. Ó dáná sídìí àràbà, ó kan èèkàn, ó na okùn. Okùn fi àbàtà sọ́wọ́ òsì, ó fi oko obì ọba sọ́wọ́ ọ̀tún, ó bá orí ilẹ̀ gíga lọ tààrà. Ohun kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Àgbàlá aró Àwẹ̀ró ni.

Oko obì ọba yìí, ẹ fi sọ́kàn. Èèwọ̀ ni kí àdá tàbí okùn wọ ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ọba rán an, ewúrẹ́ ni ìtánràn rẹ̀. Nígbà tí Jagùnnà ń wá ibi tí ọ̀nà lè gbà, kò tilẹ̀ yíjú síbẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ilẹ̀.

Àwẹ̀ró ni ìyá Ìbídùn tí ọmọ rẹ̀ kú. Opó ni, aláró sì ni. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i ló ti jogún iṣẹ́ náà. Wọ́n ri àwọn ìkòkò rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ọrùn, kí ooru àti òtútù má baà da aró láàmú. Èyí tó wà láàárín tóbi ju ìyókù lọ, ìkòkò ìyá rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ìyá náà ti kú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́n ọn gbẹ rí. Bí ó bá ti ń dín ni wọ́n ń fi omi eérú àti èlú tuntun kún un, tó fi jẹ́ pé aró tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ ìyá ló pò ó. Yàrá tó kọjú sí ìkòkò yìí ni wọ́n sin ìyá sí. Aṣọ tó bá jáde níbẹ̀, àwọn ará ọ̀nà jíjìn á fojú dá a mọ̀ pé ti Ìdó-Àràbà ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Àwẹ̀ró jáde sí àgbàlá, tó rí Jagùnnà níbi tó ti ń so màrìwò mọ́ ọrùn ìkòkò ńlá náà.

"Jagùnnà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo ni ìkòkò mi di òrìṣà tí ẹ fi ń wọ̀ ọ́ ní màrìwò?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Ìbídùn. Ọ̀nà ọba ló ń bọ̀. Kábíyèsí ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, ilẹ̀ wà fún yín lẹ́bàá odò tó fẹ̀ ju èyí lọ, ọba yóò sì fún yín ní ìkòkò tuntun."

"Ilẹ̀ ẹ̀bá odò dára fún ẹni tó fẹ́ gbin ẹ̀fọ́. Aró mi ti mọ ibí. Ìyá mi tó sùn sínú yàrá yẹn ńkọ́, ṣé òun náà á ká ẹní rẹ̀ ni?"

"Ọba ló nilẹ̀, Ìyá."

"Mo gbọ́. Àmọ́ ọba kọ́ ló gbẹ́ ihò tí ìkòkò mi wà."

Jagùnnà nà dúró. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí kò rò pé ohun burúkú lòun ń ṣe. "Bí gbogbo onílé bá ń sọ báyìí, ibo lọ̀nà ó gbà? Orí òrùlé ni? Ọmọ tó kú sínú àbàtà yẹn, ọmọ ta ni, Ìyá? Ṣé ọmọ ọmọ yín kọ́?"

Àwẹ̀ró kẹ̀yìn sí i. Ó wọlé lọ.

Kò pẹ́ tí ìlú fi pín sí méjì. Àwọn kan ní ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ìlú ju ti ẹnì kan lọ, wọ́n ní ìkòkò kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Àwọn mìíràn ní bí wọ́n bá fi okùn lé Àwẹ̀ró lónìí, ta ló mọ ilé ẹni tí èéfín máa rú sí lọ́la? Wọ́n ń jà á nídìí ayò, wọ́n ń jà á lójú odò. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ní òótọ́ nínú, ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà má tán nìyẹn.

Ẹni tí Àwẹ̀ró rò pé yóò wà lẹ́yìn òun ni Ìbídùn. Láti ìgbà tí ọmọ ti kú ni Ìbídùn ti padà sílé ìyá rẹ̀, ó ń bá a sá aṣọ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó nídìí ìkòkò, kò wo ojú ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n là á."

Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró lórí aṣọ tó ń fún. "Ìwọ náà, Ìbídùn?"

"Ẹ̀yin ní ìkòkò. Èmi kò ní nǹkan kan lẹ́yìn mi mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àwẹ̀ró lára dé egungun. Inú bí i, àánú sì ṣe é, kò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ nínú méjèèjì. Ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ ni Ìbídùn ti tún ní, "Ká ní wọn ò ká obì lọ́jọ́ yẹn ni, ọmọ mi ì bá wà."

"Kí ni obì bá ọ̀rọ̀ yìí ṣe?"

Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti gbọ́ ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ tí òun nìkan kò mọ̀. Òun kì í sábà lọ sọ́jà, ilé làwọn oníbàárà ń bá a. Ṣé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò kúkú sí ẹni tó gbádùn àbàtà. Àwọn tí ẹrù wọn fúyẹ́ á yọ́ gba ẹ̀yìn ilé àwọn alágbẹ̀dẹ, wọ́n á la odò kékeré kọjá. Àwọn tí ẹrù wọn wúwo, bí kò bá sí ará ààfin nítòsí, á gba inú oko obì ọba. Ibẹ̀ gbẹ, igi ibẹ̀ jìnnà síra, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan sì ti wà níbẹ̀ tó ti là dáadáa. Lọ́jọ́ tí Ìbídùn ń lọ, ó dé ẹnu oko, ó gbọ́ ohùn àwọn ará ààfin tí wọ́n ń ká obì, ẹ̀rù ìtánràn bà á. Ó yí padà sí àbàtà.

Àwẹ̀ró pàtẹ́wọ́. "Háà! Gbogbo ìlú mọ ọ̀nà tó gbẹ, wọ́n sì jẹ́ kí Jagùnnà máa na okùn wọlé mi!"

"Ta ni yóò sọ ọ́, Ìyá mi? Ẹni tó bá lanu, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé báwo ló ṣe mọ̀."

Òótọ́ ni. Ẹnu gbogbo wọn wà nínú ẹ̀wọ̀n ewúrẹ́. Àwẹ̀ró jókòó ti ìkòkò ìyá rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí aró ti kun dé ìgbọ̀nwọ́ láti ìgbà ọmọge, tí ọṣẹ kankan kò lè fọ̀ kúrò, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé aláró ni. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ààfin ló gbà lọ.

Ó kúnlẹ̀ fún Olúdó, ó ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo lòun ní. Kí Kábíyèsí fi ẹnu ara rẹ̀ kéde ọ̀nà tuntun náà lábẹ́ àràbà lọ́jọ́ ọjà, kí òun gbọ́ ọ lójú gbogbo ayé. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ọba bá ní kí òun ṣe lòun yóò ṣe. Inú Olúdó dùn pé ọ̀rọ̀ náà ti rọ̀. Ó gbà.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà. Àwẹ̀ró mọ̀ pé aró àwọn ìkòkò kékeré kò ní í dúró lára ẹsẹ̀ tó tutù, ìrì koríko ni yóò fọ̀ ọ́ dànù. Aró kan ló wà tí ìrì kò lè fọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ ọjà tó mọ́ tán, ó kúnlẹ̀ ti ìkòkò ìyá rẹ̀, ó ké pe Ìyá Mapó, òrìṣà àwọn aláró, ó ki ìyá tó bí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n aró náà sórí àkísà. Ó ń gbọ́n ọn, ó ń sunkún, kò pa ẹkún náà mọ́ra. Ó gbọ́n ọn títí igbá fi ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ìbídùn dúró, ó ń wò ó. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé àwo kékeré kan jáde. Osùn ni, èyí tí wọ́n fi ń pa ọmọ náà lára lẹ́yìn ìwẹ̀, ó kù síbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Kò sọ nǹkan kan. Ó da àdí sí i, ó pò ó, ó fi kun àkísà tirẹ̀.

Wọ́n tẹ́ àkísà osùn sórí ẹrẹ̀ ní ọ̀nà ẹ̀yìn alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn odò, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń wá ibi gbígbẹ tẹ̀. Wọ́n tẹ́ àkísà aró síbi tí ọ̀nà ti jáde nínú oko obì. Wọn kò tẹ́ nǹkan kan sí àbàtà, ẹrẹ̀ ibẹ̀ tó fi ṣe àmì. Bí àwọn ènìyàn ti ń dé, wọ́n ń tẹ àkísà kọjá, wọ́n ń ṣàdúrà fún ẹni tó ro ti ẹlòmíràn. Ṣé ẹ mọ̀ pé aró tó dára kì í fi àwọ̀ rẹ̀ hàn nínú ìkòkò? Bíi omi ewé ló máa ń rí nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu oko obì kò rí nǹkan kan lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀ títí ó fi tẹ́ ọjà sílẹ̀.

Ọjà kún. Jagùnnà ti jókòó ṣáájú lórí àpótí, agbádá rẹ̀ funfun, kò sí ẹrẹ̀ lára rẹ̀. Olúdó dé lórí ẹṣin. Ojú àbàtà ló gbà, nítorí ọba kì í gba ẹ̀bùrú, ẹrẹ̀ sì ta dé ikùn ẹṣin. Wọ́n gbé e sọ̀, wọ́n kí i, ó sì wo Àwẹ̀ró tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, mo ti wá sọ ọ́ lójú gbogbo ayé bí o ṣe bẹ̀ mí. Ṣé kí n sọ ọ́?"

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà mélòó ló wọ ọjà yìí?"

Jagùnnà ló dáhùn. "Ọ̀kan ni. Ti àbàtà. Èyí tí a fẹ́ là ni yóò ṣe èkejì."

"Kábíyèsí, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ ọjà."

Olúdó wolẹ̀. Ó kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ bàbá arúgbó kan tí ẹrẹ̀ bò. Ó rí ẹsẹ̀ àwọn ọmọge méjì tó pupa fòò. Lẹ́yìn náà ló wá rí ìyókù. Alárù, oníṣu, elépo, onígi ìdáná, ẹsẹ̀ wọn dúdú bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ aró. Ó yíjú sí olorì rẹ̀ kékeré tó wá ra ata, ẹsẹ̀ olorì dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí wọ́n ti rí i pé ọba ń wolẹ̀, àwọn náà wolẹ̀, àriwo sì ta. Àwọn obìnrin ń fa ìró bolẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́ èkejì. Yíyọ́ ni Jagùnnà ń yọ́ fa agbádá rẹ̀ sísàlẹ̀.

"Jagùnnà," ni ọba wí, "gbé agbádá rẹ sókè."

Jagùnnà gbé e. Kò sí ẹsẹ̀ tó dúdú tó tirẹ̀ lọ́jà náà.

"Ibo lẹ ti rí aró?" ni ọba bi gbogbo ọjà.

Gbogbo wọn ń ka ewúrẹ́ sínú. Ìbídùn ló dìde, obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan. Ó ní, "Ẹnu oko obì yín ni, Kábíyèsí. Ọ̀nà tó gbẹ wà níbẹ̀. Èmi náà fẹ́ gbà á lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ká obì."

Ọba tún wo ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè bu ìtánràn fún gbogbo wọn, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba tó bá gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ọjà títí kan olorì rẹ̀, ta ni yóò kù tí yóò máa kí i? Ó yíjú sí Jagùnnà.

"Kí ló dé tí okùn rẹ kò wọ inú oko obì?"

"Kábíyèsí, tiyín ni."

"Ìwọ àti àwọn èèyàn rẹ ní ọba ló nilẹ̀. Nígbà tí ìlú wá ń wá ilẹ̀, ilé opó lẹ lọ." Olúdó mí kanlẹ̀. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ ọjọ́ yìí, òun kì bá tí ronú débẹ̀. "Ẹ sọ fún mi pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ lọ fa èèkàn yín tu nínú àgbàlá Àwẹ̀ró, kí ẹ kàn án sínú oko obì mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Wọ́n gé obì tí bàbá ńlá ọba gbìn, wọ́n ní Olúdó kò lọ wò ó nígbà tí wọ́n ń gé e. Ọ̀nà náà wọ́, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ààfin kò rí ìparí rẹ̀, Jagùnnà sì ń ráhùn nípa ìyẹn títí ó fi kú. Àwọn tó ń jiyàn nídìí ayò kò yéé jiyàn. Wọ́n ń bi ara wọn pé bí oko yẹn bá jẹ́ ti tálákà mìíràn ńkọ́? Ìtàn kò dáhùn ìyẹn. Ìkòkò ìyá Àwẹ̀ró, wọ́n po aró tuntun sí i, ó sì rẹ aṣọ, ṣùgbọ́n kò dúdú tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láé. Àwẹ̀ró kò sọ pé ó dun òun, kò sì sọ pé kò dun òun. Ìbídùn ló ń gbé aṣọ lọ sọ́jà, inú oko obì ló ń gbà, lójú ọ̀sán, láìfòyà ẹnikẹ́ni.

Òwe náà nìyẹn. Bí ọ̀nà bá dí mọ́ ènìyàn níbì kan, àwọn àgbà á ní kó má sọkún, ọ̀nà kan ò wọ ọjà, kó wá ibòmíràn gbà. Bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Àmọ́ àwọn tó mọ ìdí rẹ̀ tún máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó wà nípò àṣẹ, tó na okùn sílé onílé, tó ní kò sí ibòmíràn tí a lè gbà. Wọ́n á ní, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," wọ́n á sì rọra wo ẹsẹ̀ rẹ̀.